Kálórì Tèmi àti Póìntì Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kábéèjì tí wọ́n bọ̀ nínú omi lásán, láìsí iyọ̀, láìsí epo, èébì a máa gbé mi. Kábéèjì kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n fi í ṣe nínú ilé wa ní Ìtòkú ni mi ò lè gbàgbé, ní àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì ti gbẹ lọ́wọ́ ìjọba, tí mílíìkì alágolo di ohun tí èèyàn ń tò sórí ìlà kó tó rí rà.

Ilé oníṣòwò ni ilé ọkọ mi, Mùsùlùmí tó ti pẹ́ nílùú. Àdìrẹ ni ìyá ọkọ mi ń tà. Àwọn aláró tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìkòkò aró wọn, omi aró a sì máa ṣàn gba gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, dúdú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀jò. Èmi ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan, oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kẹta, mo sanra débi pé bí mo bá ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa, mo ní láti dúró mí ní ìdajì ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rí àléébù nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ máa ń nàka sí mi fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, “Ẹ wo ìyàwó ọmọ mi. Ṣé ó jọ ẹni tí ebi ń pa?” Inú mi a sì dùn.

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó yọ jígí ojú rẹ̀.

“Màdámù,” ó ní, “ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ ní láti dín ara yìí kù. Ẹ máa ka kálórì oúnjẹ tí ẹ bá ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.”

Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé oúnjẹ dà bí igi ìdáná: èyí tí ara bá lò, ó ti jó nìyẹn, èyí tí kò bá lò, yóò tò ó jọ sẹ́yìn ilé de ọjọ́ mìíràn. Kálórì ni a fi ń mọ bí igi náà ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn ún kọ sójú pátákó, kò dùn ún fi jẹun. Mo tọrọ òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo gbé e délé. Kí n tó jẹ iṣu, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Mo wọn ẹja. Mo da epo sínú ṣíbí, mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo máa ṣí ìwé dé ibi tí wọ́n to àwọn oúnjẹ sí, mo sọ ọ́ di púpọ̀, mo pín in, mo rò ó pọ̀. Kí n tó ṣe tán, epo ti dì lórí iṣu, ẹja ti gan. Ó ti sú mi kí n tó fi ọwọ́ kàn án.

Ìyá ọkọ mi wò mí títí lọ́jọ́ kan. “Ìyàwó mi, ṣé wúrà ni iṣu yẹn ni?”

“Rárá, Màámi. Dókítà ló ní kí n máa wọ̀n ọ́n.”

“Dókítà yẹn ò níṣẹ́ ṣe.”

Ọbẹ̀ ló burú jù. Ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń jẹ. Ta ló lè sọ iye epo tó bọ́ sínú ìgbakọ tèmi? Nígbà tó yá, mo ń fi ojú bù ú. Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí yí mi ká dáadáa, mi ò sì dúró mí mọ́ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún tó ti lọ pọ̀. Kí n tó wọlé ọkọ ló ti wà lọ́hùn-ún, fọ́tò rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, obìnrin arẹwà kan, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kíkún. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà rù kangẹ. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ, ìdí búláòsì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ di mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Èmi kúnlẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí. Ẹ kú ìrìn.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìyàwó, kí lo sọ ara ẹ dà báyìí?”

Ọkọ ni ó jẹ́ sí mi nínú ilé yẹn, nítorí náà mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣàlàyé fún un pé mo ń ka kálórì. Ó mirí. Ó ní kálórì ti di ti àtijọ́, pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, póìntì ni wọ́n ń kà. Ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní póìntì tirẹ̀. A ti fún ìwọ náà ní iye kan lójúmọ́. Bí o bá ti ná an tán, ẹnu ẹ ti dì nìyẹn di ọjọ́ kejì. Àwọn oúnjẹ kan sì wà tí póìntì wọn jẹ́ òfo. O lè jẹ wọ́n títí ikùn ẹ yóò fi bẹ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ní ìbẹ̀rẹ̀, póìntì rọrùn ju kálórì lọ fíìfíì. Mo dá òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ padà. Orí ìka ọwọ́ mi ni mo ń ka oúnjẹ mi, bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí ìkómọ bá ń bọ̀, èèyàn lè tọ́jú póìntì díẹ̀ dè é. Mo ń jẹ oúnjẹ gbígbóná. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ òyìnbó ló kún inú ìwé náà. Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé, “Àǹtí, láfún ńkọ́? Mi ò rí i nínú ìwé.”

Ó fún imú pọ̀. “Kọ ogún.”

Ogún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí mo ní fún odindi ọjọ́. Mo ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ́hùn-ún ni?”

“Ta ní ń jẹ láfún lọ́hùn-ún? Nǹkan tó ń rùn. Mo ní kó o kọ ogún kó o má baà jẹ ẹ́ ni.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo oúnjẹ wa. Èyí tó bá ti wá láti oko, tó bá ti ní epo pupa, tó bá ti jẹ́ ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, póìntì rẹ̀ a lọ sókè. Bisikíìtì tó kó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, tó gbẹ bíi páálí, póìntì ẹyọ kan péré ni. Mo padà sídìí ìwé kálórì mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì, bí o bá wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn. Síbẹ̀ póìntì ìrẹsì kéré nínú ìwé Àǹtí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ìwé mi ti gbó. Ìgbà náà ni mo rí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Kálórì le, ó ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n kì í bú oúnjẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ ló máa sọ fún ọ. Póìntì ti dájọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹni tó bá sì di ìwé mú, ẹnu rẹ ló dì mú.

Kábéèjì jẹ́ òfo. Báyìí ni kábéèjì ṣe gba ilé wa. Láràárọ̀ ni Àǹtí ń bọ ọ́, òórùn rẹ̀ a wọ inú aṣọ, a wọ inú ìrọ̀rí. Mo jẹ ẹ́ títí ahọ́n mi fi sọ ìtọ́wò nù. Omi rẹ̀ tó kù nínú ìkòkò, èyí tó dà bí omi tí wọ́n fi fọ àkísà, ó ní kí a máa mu ún, kí ikùn wa lè kún.

Kò pẹ́ tó fi kó àwọn obìnrin ilé jọ. Èmi wà níbẹ̀, àwọn ìbátan ọkọ mi méjì tí wọ́n ti dàgbà, àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ọmọ náà kò tíì lè jókòó. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́, pé ikùn ìyàwó òun kò tíì wálẹ̀ láti ìgbà tó ti bímọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé ìyàwó rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Àǹtí.

Ní àràárọ̀ Sátidé, Àǹtí a gbé òṣùwọ̀n tó mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó síta, sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níwájú àwọn aláró. A ó máa gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dínkù, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá fi kún un, Àǹtí a kígbe iye tó wọ̀n, onítọ̀hún a dúró síwájú wa, a sì máa ka ohun tó jẹ. Mo rí ìbátan ọkọ mi kan, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti sìnkú ọkọ, tó ti gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, tó dorí kodò bí ọmọ iléèwé.

“Kí lẹ jẹ?” Àǹtí bi í.

“Àkàrà ni.”

“Kí lẹ jẹ ẹ́ fún?”

“Ebi ń pa mí.”

Àwọn aláró kan rẹ́rìn-ín. Ó kó mi nírìíra, bí ẹni fọwọ́ kan ìgbín. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀kùrọ́ àti kòkó, àwọn yẹn kò kúkú ní ojú tí wọn ó fi tijú.

Ọmọ jòjòló yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí ké. Kì í ṣe ẹkún inú rírun; ẹkún ebi ni, mo mọ̀ ọ́n. Yóò fa ọmú, yóò jù ú sílẹ̀, yóò tún fà á. Ọmú ìyá rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Omi kábéèjì àti tíì tí kò ní ṣúgà ni ìyá ń mu láti àárọ̀. Mo lọ bá Àǹtí nínú yàrá rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, abiyamọ nílò oúnjẹ ju tiwa lọ. Bí a bá fi kálórì kà á, tirẹ̀ wà níbẹ̀, tọmọ náà wà níbẹ̀. Inú omi ọmú ni oúnjẹ ẹ̀ ń lọ.”

“Póìntì ò mọ abiyamọ,” ó ní. “Póìntì ni póìntì. Bí ọmọ bá ń ké, kí wọ́n ra mílíìkì fún un.”

Mílíìkì wo? Kò sí èyí tó kù lórí àtẹ láti Ìtòkú dé Kútọ̀. Mo jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Ìyá Oko dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ni, abúlé ló ń gbé, kò gba ẹ̀sìn tí àbúrò rẹ̀ gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ọrùn rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ìyàwó bímọ, ló bá ru láfún wá, abọ́ ńlá kan, funfun nini. Òun fúnra rẹ̀ ló hú ẹ̀gẹ́ náà, ló rẹ ẹ́, ló sá a sórí àpáta títí ó fi gbẹ, ló lọ̀ ọ́. “Kí abiyamọ máa rí nǹkan jẹ,” ó ní. Ìyàwó kékeré náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ro díẹ̀ nínú rẹ̀, ó jẹ.

Ní ọjọ́ kejì, a tò sídìí òṣùwọ̀n. Ìyá Oko jókòó sórí àpótí nítòsí, ó ń rin orín, ó ń wo ohun tí à ń ṣe láìlóye rẹ̀. Nígbà tó kan ìyàwó kékeré, Àǹtí tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n.

“Ó fi kún un. Kí lo jẹ?”

Ìyàwó kékeré wo ọ̀dọ̀ Ìyá Oko. “Láfún ni, Àǹtí. Èyí tí Ìyá gbé wá.”

Àǹtí wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ láfún jáde, ó sì dà á sínú gọ́tà. Ó dà á gbogbo. Ìyẹ̀fun náà bú yẹ́ẹ́ bí eruku, ó bà lé omi aró, ó bẹ̀rẹ̀ sí dì, ó di ògì aláwọ̀ eérú, ó ń yí gbirigbiri lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí gọ́tà. Àwọn aláró dáwọ́ dúró. Gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń fi ẹ̀kọ mímu sùn ládùúgbò wa, nítorí pé kò sí ohun mìíràn. Mo ro òógùn tó wà lára láfún yẹn, mo wo ọwọ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó di abọ́ mú, ó sì tún kó mi nírìíra.

Ìyá Oko yọ orín lẹ́nu. Ó rọra ní, “Ilé àbúrò mi ni mo rò pé mo gbé e wá.” Ó dìde, ó wọlé lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà láti inú yàrá, ó jáde, ó rí gọ́tà. Ó pàdé Ìyá Oko lẹ́nu ọ̀nà. Olówó obìnrin yìí, tí àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí lọ́jà, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù fún aró.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì wá.”

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. “Gbé irin yẹn kúrò nílé mi.”

“Màámi, ìlera wọn ni mò ń wá.”

“Ìlera ta ni? Ọmọ tó ń ké yìí ńkọ́?”

Àǹtí gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ yàrá. Mo fa ìyàwó kékeré lọ sílé ìdáná. Mo ní láfún díẹ̀ tèmi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo rò ó, mo se ọbẹ̀ ilá sí i, mo fi ẹja sí i, mo fi epo sí i. Mi ò wọn nǹkan kan, mi ò ka nǹkan kan. Èmi àti òun jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Ó ń jẹ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Kí oṣù náà tó parí, ọmọ rẹ̀ ti ń sùn wọra.

Ìyá Oko gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò sùn mọ́ nílé wa lọ́jọ́ yẹn, ó sì pẹ́ kó tó tún wá.

Èmi padà sí kálórì, ṣùgbọ́n bí ọlọ́gbọ́n: mo mọ ohun tó wúwo, mo mọ èyí tó fúyẹ́, mo dín epo kù, mo ń fi ẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú wa lọ síbi iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń fúyẹ́. Nígbà tí dókítà tún wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti rọlẹ̀. Mi ò di tẹ́ẹ́rẹ́, mi ò sì tún wá a mọ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kù fún Àǹtí láàárín wa, inú yàrá rẹ̀ ló máa ń wà. Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, mo bá a ká aṣọ. Mi ò tíì dárí jì í, iṣẹ́ ìyàwó ilé ni mò ń ṣe. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, láìwò mí.

“Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo tóbi jù ẹ́ lọ. Ọkọ mi kì í bá mi rìn pọ̀. Bí a bá jáde, á lọ síwájú, èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló ra òṣùwọ̀n. Láràárọ̀ ló máa ń dúró tì mí, tí n bá gùn ún. Bí mo bá fi kún un, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.”

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń yin èèyàn. “Òun ló ràn mí lọ́wọ́,” ó ní.

Mo wo ọrùn rẹ̀, egungun tó yọ síbẹ̀. Mo bi í pé, “Ṣé ara yín ti wá tẹ́ ọkọ yín lọ́rùn báyìí, Àǹtí?”

“Ó ní ó ku díẹ̀.”

Mo ń ká aṣọ lọ. Ìríra tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá kò lọ. Ẹni tí ó yẹ ni ó yí sí, ọkùnrin tí mi ò rí rí, tó jókòó sínú ilé kan lókè òkun, tó ń retí kí obìnrin yìí dé kó lè tún gun irin.

Ọjọ́ kejì, a sìn ín dé Kútọ̀, níbi tó ti máa wọ ọkọ̀ Èkó. Ìyá rẹ̀ ti se ọ̀lẹ̀lẹ̀ nídàájí, ó fi ewé wé e, ó ṣì ń gbóná. Nígbà tí ọkọ̀ kún, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Fi panu lọ́nà,” ó ní.

Mo rò pé yóò dá a padà. Kò dá a padà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ń wo iwájú. Ọkọ̀ gbéra. Bóyá ó jẹ ẹ́ o, bóyá kò jẹ ẹ́ o, kò sẹ́ni tó sọ fún wa.